Mo Wà Nílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bá Àlájà Sàúdátù jà, kí ó kàn dárúkọ Oniru. Ibẹ̀ ni Dáúdà, ọmọ rẹ̀, ń gbé, lókè téńté pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí aládùúgbò kì í ti í kí ara wọn. Àlájà ní òun ọmọ onílẹ̀ Ajah, òun tí ayálégbé mẹ́fà ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀ nínú ilé òun ní Addo, òun ò ní lọ máa wo ògiri nílé ọmọ.

Ni Dáúdà bá ra bọ́tìnì pupa kan, ó fi okùn gbé e kọ́ ọrùn ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá tẹ̀ ẹ́, ohùn ọmọbìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú á jáde nínú rẹ̀; bí ìyá bá ní nǹkan ṣe òun, wọn á rán ọkọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni Dáúdà ń san lóṣù.

"Ṣùgbọ́n Màmi, ọjọ́ tí ẹ bá ṣubú péré, Oniru yá."

"Ọ̀tá mi ni yóò ṣubú," ni Àlájà wí.

Ọ̀tá kò sí nítòsí láàárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà kan. Gbogbo ayálégbé ti lọ síbi iṣẹ́. Àlájà tẹ ọṣẹ ní báluwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí lulẹ̀ gbì. Ó gbìyànjú láti dìde, ìbàdí kọ̀. Ó tẹ bọ́tìnì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Fúnláyọ̀ ni mo ń jẹ́. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ báyìí! Ta ni í sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìkíni pé kò dáa? "Àlàáfíà ni, ọmọ mi. A dúpẹ́."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣubú, mà?"

Àlájà rántí Oniru. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Níbo lẹ wà báyìí?"

Ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà kò gbọdọ̀ purọ́. "Mo wà nílẹ̀."

"Ó dáa, mà. Bí ẹ bá ṣáà ti wà nílẹ̀, kò sí wàhálà." Ohùn náà sì dákẹ́.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n kí ara wọn báyìí. Nígbà tó sú Fúnláyọ̀, ó pe Dáúdà. "Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ṣe Màmá o, wọ́n kàn ń kí wa ṣáá ni, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Dáúdà fi ìbínú wakọ̀ láti Oniru dé Addo. Ó ń pariwo bọ̀ láti ẹnu géètì. "Màmi! Ṣé torí kí ẹ lè rí ẹni máa kí ni mo ṣe ń sanwó?"

Báluwẹ̀ ni èsì ti wá. "Mo wà nílẹ̀ o!"

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ nínú omi ọṣẹ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ tẹ̀ ẹ́! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Oniru ni." Àlájà kò wojú rẹ̀.

Ó dun Dáúdà wọnú egungun. Ìyá tó bí i fẹ́ràn ilẹ̀ báluwẹ̀ ju ilé òun lọ. Ó jókòó tì í sínú omi ọṣẹ náà, tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́. "Màmi, mi ò ní kó yín lọ ibì kankan. Mo fi Ọlọ́run búra."

Àlájà wò ó títí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bú sẹ́kún.

"Dáúdà, mo ṣubú. Ìbàdí ń dùn mí gan-an."