Wákàtí Òdo Bàbá Àyàndá

Ọ̀gá Akínbíyì lọ ra ọgbọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Áàpù ni ọgbọ́n ọ̀hún: ó ń pín òṣìṣẹ́ sídìí iṣẹ́, ó sì ń ka wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o tẹ fóònù rẹ. Bí o bá ṣíwọ́, o tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èmi Kabirat, akọ̀wé rẹ̀ ní Ìkòsí, ló ní kí n kó orúkọ gbogbo wa sí i.

Bàbá Àyàndá ni olórí bíríkìlà níbi tí a ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ògùdù. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ lọwọ́ wọn ti ń wà nínú símẹ́ǹtì. Ọwọ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi tẹ fóònù? Ṣùgbọ́n ọwọ́ Jeffrey, àbúrò ìyàwó ọ̀gá, mọ́ tónítóní. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó sí, tó ń mu kóòkì, tó ń tẹ fóònù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, Jeffrey ní wákàtí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bàbá ní òdo.

“Kabirat, yọ Bàbá yẹn kúrò,” ni ọ̀gá wí. “Zero hours! Jeffrey á handle kọnkéré àjà kejì ní Sátidé.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn o.”

“Data kì í parọ́.”

Bí ẹni pé Data ló ń ru símẹ́ǹtì! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ èmi náà, mo sì yọ orúkọ Bàbá. Mo pè wọ́n láti sọ fún wọn.

“Kabirat ọmọ mi, ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ nìyí o,” ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ní Sátidé, áàpù ti pín lébírà méjìlá sídìí kọnkéré náà, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀, tí ẹni tó kọ́ ilé adìẹ lásán mọ̀, ni pé lébírà kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì, ti olórí bíríkìlà ni. Bàbá ló ń kó wọn wá láti Kétu, ibi tí Bàbá bá sì lọ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa ni ọ̀gá lé kúrò lọ́jà.

Ọkọ̀ kọnkéré dé laago méje, ikùn rẹ̀ ń yí. Jeffrey nìkan ló bá níbẹ̀. Jeffrey tẹ fóònù rẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, èmi àti ọ̀gá ti dé Ògùdù. Ọ̀gá pe Bàbá níṣojú mi, ó tan sípíkà. “Bàbá, ẹ dákun, ẹ máa bọ̀, kọnkéré ti fẹ́ dì!”

“Ọ̀gá, èmi àtàwọn ọmọ mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Anthony. Ẹ ní kí Jeffrey tẹ̀ ẹ́.”

Dẹ́rẹ́bà bú wa dáadáa kó tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, tòun ti kọnkéré inú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, áàpù kọ ọ́ pé: kọnkéré àjà kejì, ó ti parí, Jeffrey, wákàtí mẹ́jọ.

“Fi ránṣẹ́ sí onílé,” ni ọ̀gá wí, láìwo ojú mi.

Mo fi ránṣẹ́ sí wọn ní Magodo. Mo fi fọ́tò tí mo yà lókè ilé náà láàárọ̀ tẹ̀lé e, pákó àti irin lásán, kò sí kọnkéré kankan. Lẹ́yìn náà ni mo wá orúkọ Kabirat nínú áàpù, mo sì yọ ọ́.