Ìyàwó Méjì ní Abúlé Oníṣẹ́-Ọnà

Ìyá ọkọ mi ń lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́bọ̀, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ nílùú Ìbàdàn, títí kan obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba tí wọ́n jọ jà lọ́dún tí mo wọlé. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo: àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin tó ń fín igbá, tó ti tó ọdún méjì tí kì í gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún kò ṣeé gbọ́ sétí. Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi, níṣojú àlejò, inú bí ìyá ọkọ mi, ó sì pe obìnrin náà lórúkọ gan-an. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà kéré sí i lọ́jọ́ orí. Eyínfúnjowó ló ti ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, torí pé eyín rẹ̀ funfun báláú. Èmi náà ìyàwó ilé ni mí, ẹ má retí pé n ó kọ orúkọ tòótọ́ náà síbí.

A gbọ́ pé Eyínfúnjowó ti gba ṣọ́ọ̀bù ní abúlé oníṣẹ́-ọnà tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Màpó, la bá gbọ̀nà ibẹ̀. Ká má purọ́, ibẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n kọ́ ọ bí agbo ilé àtijọ́, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó gbígbẹ́ àti àgbàlá láàárín. Síbẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kùn bí amọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kun páànù tuntun kó lè dà bíi pé ó ti dípẹtà. Páànù ilé wa ti dípẹtà láti ayé bàbá ọkọ mi, ẹnikẹ́ni ò wá ya fọ́tò rẹ̀ rí.

A wọ ojúlé bí ogún. Àwọn tó ń fín igbá pọ̀ lọ súà, a ò rí Eyínfúnjowó láàárín wọn, orúnkún ìyá ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. La bá yà sí ọ́fíìsì ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọkùnrin kan tó ti ń hewú jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní kò sí wàhálà, ká sáà dárúkọ ẹni tí à ń wá, òun á pè é.

Ìyá ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì mọ orúkọ náà, ẹnu àwa méjèèjì ò sì gbọdọ̀ pè é. Ọkùnrin náà bi wá bóyá a ò mọ orúkọ ẹbí wa ni. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, ṣebí tíṣà ni mí. Ìyá ọkọ mi já bírò gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ẹni tó bá kọ ọ́ ti pè é nìyẹn. Mo ní ká pe ọmọ Eyínfúnjowó lórí fóònù kó bá wa dárúkọ náà. Ó kọ̀. Ó ní ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ ni yóò tún un ṣe.

Ó wá kúnlẹ̀ sórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn.

“Ẹ pe Eyínfúnjowó. Ẹ ní ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, pé ó ti kúnlẹ̀.”

Ọkùnrin náà ní orúkọ yẹn ò sí nínú ìwé àwọn, ṣùgbọ́n ó pè é bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọjá lórí páànù, bóyá wọ́n tiẹ̀ gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ. Àwọn tó ń rajà wá ń wò wá, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni yẹn ò bá jáde ńkọ́, ojú wo ni ìyá ọkọ mi fẹ́ fi dìde nílẹ̀?

Eyínfúnjowó jáde láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń sá igbá, ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá ọkọ mi nílẹ̀, ó wo gbogbo èrò tó yí wa ká. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ. Ó kọjú sí ọkùnrin náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.”

Kí ọkùnrin náà tó pè é tán, Eyínfúnjowó ti ń fa ìyàwó rẹ̀ dìde.