Lọ́rì Kọkànlá Láti Iwájú

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìràwọ̀ ló sọ èmi àti Tozammel di ọ̀rẹ́. Kí ó tó ti ìlú rẹ̀, Gaibandha, dé, mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní etíkun Sitakunda, nídìí ẹ̀rọ tó ń fi okùn irin wọ́ àjákù ọkọ̀ òkun gorí ilẹ̀. Agéirin ni òun ní tirẹ̀, ó ń fi iná gé àwọn ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ó ga, kò sanra, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n bó bá di iná gáàsì mú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń ra ìwé ìròyìn kan nítorí ìtàn tó ń jáde lójú ewé ẹ̀yìn rẹ̀, ìtàn ọkọ̀ ńlá kan tó ń gbé èèyàn láti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn. Dhrubotori ni onítàn sọ ọkọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kan a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tíì Jorina, tí gbogbo wa ń pè ní khala bí ẹni ń pe àbúrò ìyá, ní ẹnu ọ̀nà yáàdì tí a ti ń gé ọkọ̀.

"Moksed bhai," ni Tozammel wí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n, "ẹ mọ bí Dhrubotori ṣe gùn tó?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé bàbá mi ló kàn án ni?"

"Mítà ẹgbẹ̀jọ!"

"Ìyẹn ò yé mi. Fi nǹkan tí mo máa ń rí sọ ọ́ fún mi."

Ó dìde, ó fa ẹfun tí a fi ń sàmì sára irin yọ nínú àpò, ó sì kọjú sí ògiri. Lọ́rì tó máa ń kó irin wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ gùn tó mítà mẹ́wàá. Ó ní kí ìbú ìka kan dúró fún lọ́rì kan. Ó ya lọ́rì. Ó ya ọkọ̀ òfuurufú ńlá tó ń kó èèyàn lọ sí Hájì, ìka méje. Ó ya rélùwéè tó ń lọ sí Dhaka, ìka ọgbọ̀n. Ó ya ọkọ̀ òkun tó ń kó epo rọ̀bì, irú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yáàdì wa lọ́sẹ̀ yẹn, ìka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya Dhrubotori sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn, ó ń rìn lọ, ó ń fa ìlà, ó ń kà.

"Tozammel!" ni Jorina khala ké. "Ògiri mi kọ́ ni pátákó ilé ìwé yín o!"

"Ẹ ní sùúrù, khala. Ó ku lọ́rì ọgọ́ta."

"Lọ́rì ọgọ́ta kẹ̀? Ṣé àárín ìkòkò tíì mi lo fẹ́ wà wọ́n gbà ni?"

Ògiri obìnrin náà tán, ọkọ̀ kò tán. Tozammel bọ́ sára ògiri Dulal, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Dulal yọjú pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, màá fá irun orí rẹ̀!"

"Kò ní irun, bhai. Ọgọ́jọ lọ́rì ni!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un. Ó dúró sí òpin ìlà náà, ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ wa níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onítàn yìí ní ọ̀gá ọkọ̀ sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn kí tíì ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Lọ́rì ọgọ́jọ! Pẹ̀lú tíì lọ́wọ́! Kò ka nǹkan kan kó tó kọ ọ́."

"Bóyá ẹsẹ̀ ọ̀gá náà gùn ni," ni Dulal wí.

Tozammel kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò dá a lóhùn. Kò bínú. Ó tún ka àwọn ọkọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó bá pàdé nínú ìwé tàbí nínú fíìmù, ó sì ń sọ fún wa: èyí kò ju ọkọ̀ tó ń kó wa sọdá odò lọ, èyí tó gbogbo yáàdì wa, èyí sì tó erékùṣù Sandwip látòkè délẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni lọ́rì di òṣùwọ̀n fún gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá ní kí n wọ́ irin wá, á ní, "Moksed, fà á tó lọ́rì méjì sí i."

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló ń rí nínú gbogbo èyí.

"Bhai, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ tí à ń gé yìí, mi ò ní rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò ní rí òpin rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Àmọ́ bí mo bá ti kà á ní lọ́rì lọ́rì, ẹ̀rù náà á fúyẹ́."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Láàárín oṣù méjì, a ti gé imú ọkọ̀ epo náà kúrò. Lọ́rì mẹ́rin gbáko ló lọ, tí ojú ọkọ̀ sì ṣí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni àwọn agéirin ń gbà wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdé kan, nígbà tí òkun ti fà sẹ́yìn, Ershad tó jẹ́ fóòmánù wa ní kí Tozammel lọ fi ẹfun sàmì sí ibi tí wọ́n máa gé lọ́jọ́ kejì. Òun nìkan ló wọlé.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tí irin òkè, èyí tí wọ́n ti gé dé ìdajì lọ́jọ́ tó ṣáájú, já lójijì, tó sì wó sínú ọkọ̀. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ìjókòó mi. Nígbà tí ekuru rọlẹ̀, a rí i pé irin ti dí ojú ọ̀nà pátápátá. Ershad pe orúkọ gbogbo èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pe Tozammel, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àṣé ó wà láàyè. A gbọ́ ọ tó ń lu irin láti inú: gbì, gbì, gbì. Mo sáré lọ fi etí lé ara ọkọ̀ níwájú, ìró náà wà níbẹ̀. Mo sáré dé àárín, ó tún wà níbẹ̀. Mo dé ọ̀nà ẹ̀yìn, ohùn kan náà ni, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Irin ń gbé ìró náà káàkiri, a ò sì lè mọ ibi tó ti ń wá. Yàrá epo mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní yáàdì tó ní àwòrán bí wọ́n ṣe tò ó.

Àwọn panápaná dé. Ọ̀gá wọn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá, ó ń mí hẹlẹ. "Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?" ló bi wá.

Fóònù mi dún. Tozammel ni.

"Moksed bhai." Ohùn rẹ̀ ń já. "Ẹsẹ̀ mi há. Omi dé orókún mi. Mo ti ka àwọn irin egungun ọkọ̀ bí mo ṣe ń wọlé. Lọ́rì kọkànlá ni mo wà láti iwájú. Ọwọ́ òsì, nísàlẹ̀ pátápátá."

"Iwájú wo? Tozammel! Iwájú tuntun ni àbí ti àtijọ́?"

Ó ti já. Mo tún un pè, mo tún un pè. Kò wọlé mọ́.

Mo sọ ohun tó wí fún wọn. Ershad mú ẹfun, ó sàmì sí ibi méjì sára ọkọ̀. Bí a bá kà láti ojú tó ṣí sílẹ̀ yìí, ibì kan ni lọ́rì kọkànlá. Bí a bá kà láti ibi tí imú ọkọ̀ wà kí a tó gé e, lọ́rì keje lójú tuntun ni yóò bọ́ sí. Ogójì mítà ló wà láàárín àmì méjèèjì.

"Ẹ gé méjèèjì!" ni mo wí.

Ọ̀gá panápaná mi orí. "Bí a bá la ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lè ya lulẹ̀. Èérí epo sì wà nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i kí iná tó kàn án. Ọ̀kan ni. Òkun á sì padà dé láàárín wákàtí mẹ́rin. Ta ló mọ ọkùnrin yìí jù nínú yín?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ronú nípa àwọn ọkọ̀ tí Tozammel máa ń yà. Odidi ni gbogbo wọn máa ń wà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa pàápàá, lọ́rì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló máa ń sọ. N kò gbọ́ kí ó pè é ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rí láti ìgbà tí a ti gé imú rẹ̀.

"Iwájú àtijọ́," ni mo wí.

"Ó dá ẹ lójú?" ni Ershad bi mí.

"Ó dá mi lójú."

Kò dá mi lójú.

Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n gé ara òde, wọ́n tún gé ara inú, nítorí ara méjì ni ọkọ̀ epo máa ń ní. Ọ̀sán ti pọ́n kí irin náà tó jábọ́. Panápaná kan na orí wọlé pẹ̀lú iná. Omi dúdú ló bá níbẹ̀. Ó ké pe Tozammel ní ìgbà mẹ́ta. Gbì, gbì, gbì ló dáhùn, láti ibi gbogbo.

A kó irinṣẹ́ a sáré lọ sí àmì kejì. Ọ̀nà òkun ni àmì yẹn wà. Omi ti dé ìdí wa níbẹ̀ kí a tó fẹ́ atẹ́gùn tán, nígbà tí iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé, omi ti dé àyà. Iná gáàsì kú. Wọ́n tún un tàn, ó tún kú. Ọ̀gá panápaná ní kí gbogbo èèyàn jáde. Mo ní mi ò jáde. Èèyàn méjì ló gbé mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ sórí iyanrìn.

Mo wá ronú kan ẹ̀rọ mi. Mo sáré lọ síbẹ̀, mo tàn án. Okùn irin ṣì so mọ́ ara ọkọ̀.

"Bí o bá fà á, orí rẹ̀ ni irin náà máa wó lé!" ni Ershad pariwo. Ó dì mọ́ apá mi.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ tó lè wọ́ ilé alájà mẹ́ta ń kùn lábẹ́ ọwọ́ mi, kò sì sí ohun tí mo lè fi ṣe. Mo jókòó síbẹ̀. Gbogbo èèyàn yáàdì dúró létí omi, àwọn kan ń ṣe tẹ̀sùbáà, àwọn kan kàn ń wo ọkọ̀. Ìró náà ń wá láti inú rẹ̀, ó ń falẹ̀ sí i. A ṣe ìrun Alaasari níbẹ̀ lórí iyanrìn. Nígbà tí a sálámà tán, a ò gbọ́ ọ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òkun fà sẹ́yìn, wọ́n sì parí ihò kejì. Lọ́rì kọkànlá láti iwájú tuntun ni wọ́n ti bá a, lọ́wọ́ òsì, nísàlẹ̀ pátápátá. Kò ṣì í sọ rárá.

Èmi ni mo pe Morjina ìyàwó rẹ̀. Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Mo rántí pé ó ní kí n dúró ná kí òun gbé ìrẹsì kúrò lórí iná, mo sì dúró. Àbúrò bàbá Tozammel ló tẹ̀ lé e dé Sitakunda láti gba òkú. Kí wọ́n tó gbé òkú náà lọ, Morjina ní òun fẹ́ rí ọkọ̀ náà. Mo mú un dé etíkun. Ó gbójú sókè, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pẹ́ kó tó wò ó tán.

"Ṣé ó tóbi tó báyìí?" ló wí.

"Ó tóbi, àbúrò mi."

"Mo gbọ́ pé ó pè yín. Kí ló wí?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti iwájú méjèèjì, mo sì sọ pé èmi ni mo yan èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gé. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu.

"Ibi tó bá dúró sí ló máa ń ti ka nǹkan," ló wí. "Bí a bá ń bọ̀ láti oko, tí mo bá ní ó ku igi mélòó ká délé, kì í ka èyí tí a ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti bi mí."

Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní nọ́ńbà Morjina. Kò wá sí mi lọ́kàn láti pè é.

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Àbúrò bàbá Tozammel pe Morjina, pé mọ́tò ti ṣetán. Ó fa ìborùn rẹ̀ sókè, ó sì lọ.

Yáàdì wà ní títì fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, Ershad wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ojú ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀, Moksed."

Mo tan ẹ̀rọ náà. Okùn irin le tantan, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀.