Ilẹ̀kùn Inú Omi Dídì

Ní abúlé wa, ẹni tí màlúù rẹ̀ bá sọnù, gbogbo òkúta dúdú tó bá rí lókè ló máa ń mú ṣe màlúù. Bàbá mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé màá rí irú rẹ̀ ní Bẹngaluru, láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé.

Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya fọ́tò ohun tí ojú kò lè rí. Dókítà Vasudha Hegde ló ń lò ó jù. Ọdún mọ́kànlá ló fi wo ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ó ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára iṣan ọpọlọ, tí iyọ̀ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ń ṣí, tí wọ́n ń tì bó ṣe yẹ, èèyàn á máa ronú, á máa rẹ́rìn-ín. Ti Shrinidhi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kì í tì dáadáa. Wárápá ń gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, kò sì sí oògùn tó ràn án.

Oògùn tuntun kan wà tí wọn kò tíì fún ẹnikẹ́ni lò. Dókítà tó ń tọ́jú Shrinidhi ní Maisuru sọ fún Vasudha pé, “Ẹ fi hàn mí pé oògùn yìí ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, màá bá yín bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n fún un lò.”

Ọdún irinṣẹ́ dé, ọjọ́ tí a máa ń bọ irinṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ́ tàbí mọ́tò ṣiṣẹ́. Mo yọ ilẹ̀kùn òun oògùn tí Vasudha fi omi dì sínú ẹ̀rọ, mo dá a padà sínú òtútù. Omi dídì lásán ni mo fi rọ́pò rẹ̀, kí n lè fi dán ojú ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ kejì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá fi òdòdó kọ́ ẹ̀rọ lọ́rùn, mo sì fi lẹ́búlẹ́bú pupa kùn ún níwájú.

N kò mọ̀ pé láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ ni Vasudha ti ń fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ó já wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n Thimmaraya! Ẹ wá wò ó! Oògùn yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àna tó ń retí oúnjẹ!”

“Ìgbà wo lẹ yà á, Dókítà?”

“Ọjọ́ ọdún ni. Ẹ má bá mi jà o. Àbí ẹ̀rọ yín máa bínú sí mi ni?”

Bí mo bá dákẹ́, Shrinidhi á rí oògùn gbà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá oògùn ni, bóyá májèlé ni?

“Dókítà, omi ni.”

“Omi wo?”

“Omi lásán ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti yọ tiyín.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mu ọtí ọdún yó. Omi kì í ní ilẹ̀kùn!”

Mo gbé ìwé wá. Ó kà á, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Èmi ni mo fún kọ̀ǹpútà ní àwòrán ilẹ̀kùn tó ní oògùn lẹ́nu,” ló wí nígbà tó yá. “Mo ní kó bá mi wá ohun tó bá jọ ọ́. Níbi tí kò sí nǹkan kan, ó ń ṣà á jọ nínú eruku ojú àwòrán.” Ó gbójú sókè. “Àwòrán ti ọdún tó kọjá ńkọ́?”

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

“Vasu, àbúrò ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Kí ni kí n sọ fún dókítà?”

“Ẹ sọ fún un pé a ò rí nǹkan kan, Màmá.”

“O ṣáà ní o rí i lánàá!”

“Omi ni, Màmá.”

A ń gbọ́ tí Shrinidhi ń mí lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Kò pé ogún ọjọ́, Shrinidhi kú lójú oorun. Nígbà tí Vasudha padà dé, kò jẹ́ kí n kí i kú àṣẹ̀yìndè tán.

“Ẹ fi omi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n. Omi lásán. Gbogbo iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ni mo fẹ́ fi wé e.”

Òdòdó ọdún ṣì wà lọ́rùn ẹ̀rọ, ó ti gbẹ. Mo yọ ọ́ kí n tó tan ẹ̀rọ náà.