Ìka Tí Fintan Kò Gbé Sókè

Àwọn ìdílé mìíràn ń jà lórí ilẹ̀, wọ́n ń jà lórí ogún, ìjà tó nítumọ̀. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìka ni wọ́n ń jà lé lórí nílé tiwa. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn àbúrò mi méjèèjì, Fintan àti Colman, fi yan ara wọn lódì nítorí ìka kan ṣoṣo. Àgbàlagbà méjì ni o, tí irun orí wọn ti funfun, tí oníkálukú ń sin màlúù tiẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kan náà ní àgbègbè Leitrim.

Ẹni tó bá ti bá wa gbé mọ̀ pé ìka yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lójú ọ̀nà tóóró tiwa, tí koríko hù sí láàárín, tí ọkọ̀ bá pàdé ọkọ̀, ìka ìfábẹ̀lá ni wàá gbé sókè lórí sitiárìn. O ò ní ju ọwọ́, o ò sì ní rẹ́rìn-ín. Ìka yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀: mo rí ọ, mo mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, ó dìgbóṣe. Àjèjì nìkan là ń ju gbogbo ọwọ́ sí, torí kò lè lóye. Wàyí o, lọ́jọ́ kejì tí a sin ìyá wa, Colman wa ọkọ̀ pàdé Fintan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Drumlea. Colman gbé ìka sókè. Fintan ò gbé tiẹ̀. Ìjà dé nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ èmi Attracta, ẹ̀gbọ́n wọn, di ilé ìfìwéránṣẹ́. Colman á dúró síhìn-ín, Fintan á dúró sọ́hùn-ún, èèyàn kan ò lè nà tán láàárín wọn. Colman á ní, "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé àgùntàn rẹ̀ wà nínú pápá mi." Fintan á ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún un pé mo gbọ́." Èmi á wá yíjú sí Colman, màá ní ó gbọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ má fojú di í.

Mo fara da gbogbo ẹ̀ títí mo fi pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí Ọlọ́run sì rántí pé òun ò tíì fún mi lọ́kọ. Cornelius ni, Con ni gbogbo ayé ń pè é, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì ń fi kẹ̀kẹ́ háyà fún àwọn àlejò. A mú Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e fún ìgbéyàwó. Bàbá wa ò sí mọ́, ìyá wa ò sí mọ́. Ohun kan tí mo ń fẹ́ ò ju kí àwọn àbúrò mi méjèèjì mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Mo lọ bá Fintan. Ó ní, "Àǹtí, tó bá kọ́kọ́ gbé ìka sí mi, màá wá. Tí kò bá gbé e, màlúù mi kan máa bímọ lọ́jọ́ yẹn." Ó mọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ màlúù sí ọjọ́ ìgbéyàwó mi gan-an. Mo lọ bá Colman. Ó ní, "Èmi ti gbé tèmi láti ọdún mẹ́sàn-án, Àǹtí. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló kù sí." Ó ku ọjọ́ méjìlá. Mo délé, mo jókòó nínú kíṣínì, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo rántí àwọn àlejò Con.

Àwọn àlejò wọ̀nyí, ẹ̀dá ńlá ni wọ́n. Wọ́n á fi ilé tó gbóná sílẹ̀ ní Jámánì, wọ́n á wá sanwó kí òjò tiwa lè pa wọ́n. Wọ́n á wọ ṣòkòtò tó fún débi pé ojú á máa ti màlúù. Wọ́n á dá kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n á wo ògiri òkúta kan títí, ògiri tí bàbá bàbá mi mọ nítorí pé kò ríbi kó òkúta oko rẹ̀ dà sí. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ibí mà dákẹ́ o. Ó dákẹ́ lóòótọ́, gbogbo ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Dublin.

Colman fẹ́ràn wọn ju ìjẹun lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé akoto lórí kẹ̀kẹ́, yóò ju gbogbo ọwọ́ sí i. Fintan ní tiẹ̀, ìka rẹ̀ kì í sinmi, gbogbo ohun tó bá ń mira lójú ọ̀nà ló ń gbé e sí, àfi àbúrò rẹ̀. Mo ti rí i tó gbé e sí ajá. Mo wá rò ó pé bí mo bá gbé Fintan sórí kẹ̀kẹ́, tí mo bo ojú rẹ̀, Colman á kọ́kọ́ kí i, òun náà á sì dáhùn kó tó mọ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, màá ṣí ojú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Dókítà ti ń bá Fintan wí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, torí náà mi ò purọ́ púpọ̀. Mo ní nítorí ìlera rẹ̀, kó jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ yí adágún po láàárọ̀ Wẹ́sídeè.

"Àǹtí, ẹ fẹ́ kí ará àdúgbò fi mí ṣẹlẹ́yà."

"Ta ló máa dá ọ mọ̀?"

Mo fún un ní akoto, jígí dúdú, ṣòkòtò fífún bíi tàwọn àlejò àti kóòtù òjò aláwọ̀ yẹ́lò. Ìtìjú tìkára rẹ̀ ló mú kó tún fi ìborùn we ẹnu àti imú. Èmi náà múra bẹ́ẹ̀. Tí ìyá wa bá jí dìde, ọlọ́pàá ló máa pè.

Ẹ wo arìnrìn-àjò afẹ́. A ò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ta ló ṣe ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn, ṣé onítọ̀hún kórìíra ọmọ èèyàn ni. Gbogbo géètì tí a bá kan ló ń dúró tì, pé òun fẹ́ wo màlúù olóko, kò rẹ òun. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó wàrà kọjá, ó gbé ìka sí i, kẹ̀kẹ́ yà bàrá, ó bọ́ sínú kòtò, ó tún ń gbé ìka náà sókè látinú ẹ̀gún. Mo fà á jáde. Ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Aago mọ́kànlá ni Colman máa ń gbé katakata kọjá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Drumlea, a sì débẹ̀ lákòókò. Nígbà tí Fintan rí katakata pupa yẹn, ó fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tóóró, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Colman rí wa. Ó ju gbogbo ọwọ́ sókè. Mo rí ìka Fintan tó dìde fúnra rẹ̀, kí ọpọlọ rẹ̀ tó lé e bá.

Mo ti la ẹnu láti kéde. Ìgbà náà ni Colman pa ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló pariwo, torí ó gbà pé àjèjì dití. "Ṣé Jámánì lẹ ti wá?"

Fintan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Jámánì dára," ni Colman wí, ẹni tí kò kọjá Sligo rí. Ó nawọ́. "Adágún nìyẹn. Màlúù nìyẹn." Bóyá wọn ò ní màlúù ní Jámánì. Ó wá nawọ́ sórí òkè. "Ilé onílẹ̀kùn pupa yẹn, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ "ọkùnrin yẹn". Mo di kẹ̀kẹ́ mi mú gírígírí.

"Kò sẹ́ni tó mọ màlúù wò tó wọn ní gbogbo àgbègbè yìí," ni Colman ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀. "Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni wọ́n ní kó fá irùngbọ̀n òkú. Mi ò lè fi abẹ kàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n fá a, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní." Ó nu òjò kúrò lójú. "Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ra kóòtù, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Mi ò lè wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì tí a sin ìyá wa, mo ṣáà fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wojú mi ni. Wọ́n kọjá bíi pé mi ò sí níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa tí ẹ ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ."

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tí màá fi gbé ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí. Ó ti ra kóòtù. Omi ń dà lójú mi lábẹ́ jígí.

Fintan fa ìborùn wálẹ̀. "Jíà ni mò ń yí lọ́jọ́ yẹn," ló wí.

Àgùntàn kan húkọ́ lẹ́yìn ògiri.

"Ọkọ̀ ògbólógbòó yẹn ò fẹ́ gun òkè," ni Fintan wí. "Ọwọ́ mi kan wà lórí jíà, ìkejì di sitiárìn mú. Mo rí ọ. Kí n tó rí ìka gbé, o ti lọ."

Colman ní, "Ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé jíà yẹn ò tíì wọlé ni?"

"Ó wọlé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Kò sẹ́ni tó bi í. Mo ti jíṣẹ́ àgùntàn, mo ti jíṣẹ́ ọgbà tó wó, mo ti jíṣẹ́ ajá tó ń gbó jù, kò sì sẹ́ni tó rán mi ní ìbéèrè yẹn. Ó ṣe mí bíi kí n fi kẹ̀kẹ́ Con lu àwọn méjèèjì níbẹ̀. Inú mi sì ń dùn.

Colman yọjú wo ẹ̀yìn Fintan. "Àǹtí, ẹ̀yin nìyẹn?"

"Rárá o, ará Jámánì ni mí."

Ó padà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Bọ̀dá Fintan, ta ló wọ ṣòkòtò yẹn fún yín?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ náà ni. Má wò ó."

Colman tan ẹ́ńjìnnì, ó sì tún pa á. "Aago mélòó la máa dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ti la ẹnu, ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n Fintan ló ń wò.

"Aago mọ́kànlá," ni Fintan wí.

Aago méjìlá ni. Fadá ti kọ ọ́ sínú káàdì, ó sì wà lára ògiri kíṣínì Fintan. Mi ò bá wọn tún un ṣe. Kí wọ́n dé ní wákàtí kan ṣáájú gbogbo ayé, kí àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kí wọ́n wá ohun tí wọ́n máa bá ara wọn sọ láìsí èmi láàárín.