Aṣọ Àwọn Obìnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

Òkúta kejì ló fọ́ gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ti àkọ́kọ́ ti bá Abdulfatai níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń ṣàn wọ ojú rẹ̀ kí Azeezah, àbúrò rẹ̀, tó sáré dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fà á jáde! Olè ni! Ó fi orúkọ Palẹsítínì jalè!"

Muadh ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò náà ní Múṣin, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì máa ń fi kí ènìyàn. Lọ́jọ́ yìí, pákó ló mú dání, àwọn tó tẹ̀ lé e sì lé ní ogún. Ó fi ọwọ́ kejì gbé ẹ̀wù dúdú kan tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù náà, tó ní iṣẹ́ ọnà pupa láyà, sókè, ó ti yí i sódì.

"Ẹ wo inú ẹ̀! Ẹ wo bébà funfun! Ṣé bébà làwọn ìyá Palẹsítínì fi ń ránṣọ ni? Mónógíráàmù Múṣin nìyí!"

Òótọ́ ló sọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rania, aránṣọ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní Palẹsítínì, ló ń fi ẹ̀wù ránṣẹ́ sí Azeezah láti tà. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń ṣe ọnà ara rẹ̀, ẹyọ kan lè gba oṣù méjì. Ọṣẹ òróró ólífì wọn náà wà lórí pẹpẹ. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni àwọn ará àdúgbò ń rà. Wọ́n ń rà á kí oúnjẹ lè dé ẹnu ẹni tí ogun ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìyá arúgbó mìíràn á ra ọṣẹ kan péré, á ṣàdúrà lé e lórí kó tó gbé e sápò.

Nígbà tó yá, ẹ̀wù ń tán lọ, ẹrù tuntun ò sì tètè dé. Ni Abdulfatai, tí ẹ̀rọ mónógíráàmù rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, bá wo ọnà ara ọ̀kan, ó fi bébà tẹ́ abẹ́ aṣọ, ó sì tẹ mẹ́rìnlá tó jọ ọ́. Kò kà á sí olè jíjà. Bí a ti ń ṣe é l'Ékòó náà nìyẹn: mú sítáì wá, a ó bá ọ rán an, ta ló ń bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ rán an? Ó kó wọn kọ́ sáàárín ti Rania. Azeezah rí i lọ́jọ́ kejì, inú bí i, ó sì sọ̀rọ̀ sí i. Àmọ́ oníbàárà kan wọlé, ó mú ọ̀kan nínú ayédèrú náà, ó yìn ín, ó ní kí wọ́n dì í fún òun. Azeezah dì í, ó gbowó. Ibi tó ti ṣì í ṣe nìyẹn, n kò ní bá a bò ó.

Wọ́n ti wọ́ Abdulfatai dé ojú títì. Pákó Muadh bà á léjìká, egungun dún. Sẹ̀kínátù, ìyàwó Abdulfatai, di ẹsẹ̀ Muadh mú, ẹnìkan ta á nípàá, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn yòókù ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Wọ́n tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀ kúnná. Wọ́n ń já ẹ̀wù lórí okùn, ojúlówó àti ayédèrú, wọ́n ń kó wọn jọ síta. Ẹnìkan ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù dé.

"Ẹ jọ̀ọ́!" Abdulfatai ké, eyín rẹ̀ méjì ti yọ. "Èmi kọ́ o! Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ látọ̀hún nìyẹn! Àwọn Lárúbáwá yẹn ló rẹ́ wa jẹ! Ẹ bi Azeezah!"

Pákó Muadh dúró lókè. Gbogbo wọn yíjú sí Azeezah.

"Àǹtí," Muadh ní, ó ń mí gúlegúle, "ẹ fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa fi ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n gbogbo mọ́ṣáláṣí Múṣin ló máa gbọ́ lórí Wásáàpù lónìí pé kẹ́nikẹ́ni má ra nǹkan lọ́wọ́ wọn mọ́."

Sẹ̀kínátù ń wò ó látilẹ̀, ó ń mi orí sí i pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Azeezah wo ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ, tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí bàbá wọn kú. Ó sì rántí bí Rania ti máa ń fi fóònù ya fídíò ìyá rẹ̀ létí fèrèsé, ìyá arúgbó tó di abẹ́rẹ́ mẹ́nu, tó ń juwọ́ sí òun.

"Irọ́ ni," ó ní. Ó tún un sọ sókè. "Irọ́ ni! Ẹ̀yìn ibí la ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, èmi tà á, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń tà á. Ẹ má jó tiwọn! Ẹ yẹ inú wọn wò. Èyí tí ò bá ní bébà, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an!"

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Ìgbájú, ìgbámú, ìpàá. Wọ́n fọ́ Abdulfatai ní àgbọ̀n. Azeezah da ara bò ó, irin kan sì bà á lápá ọ̀tún, apá ṣẹ́. Epo dà sí i lára láti orí dé àyà, híjáàbù rẹ̀ rin gbingbin. Ẹnìkan ṣá ìṣáná.

Muadh gbá ìṣáná náà dànù. Ó wo epo tó ń kán lára obìnrin náà, ó wo pákó ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó bọ́. "Ó tó," ó ní. "Mo ní ó tó!"

Ayédèrú nìkan ni wọ́n jó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Abdulfatai ni Azeezah àti Sẹ̀kínátù wà ní ọsibítù. Wọ́n ti wáyà so àgbọ̀n rẹ̀ pọ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kọ ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Sẹ̀kínátù níyàwó ni kì í fi ọ̀wọ̀ ọmọ ilé ọkọ du Azeezah. Lónìí, ìbínú ti gba ọ̀wọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kó o sọ. Ọ̀kan! Tọ́kọ mi bá kú, má tẹ ilé wa."

"Mo gbọ́," ni Azeezah ní.

Muadh wọlé pẹ̀lú àpò kan, kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. "Àǹtí, ojúlówó mẹ́sàn-án tó kù rèé. Àwọn ìyá ní mọ́ṣáláṣí ní àwọn ṣì máa rà á."

Ó wu Azeezah kó tutọ́ sí i lójú. "Gbé e sílẹ̀, kó o máa lọ. Mi ò lè tà á báyìí. Ẹni tó ni ín ò tíì mọ irú èèyàn tó gbẹ́rù fún."

Ó fi ọwọ́ òsì pe Rania. Rania gbé e, ó ń yọ̀, ó ń bèèrè bí ọjà ti ń lọ. Azeezah ò dúró kí i. Ó sọ ti ayédèrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ti ara rẹ̀, ó sọ ti pákó àti epo. Ó ní òun ló fa gbogbo rẹ̀, kó bínú bó bá ti fẹ́.

Rania ò bèèrè aṣọ, kò bèèrè owó.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ," ó ní, "ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Azeezah wo ẹ̀yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹkún tó ti ń mú mọ́ra láti àná sì bú jáde.