Kókó Ara Gbòǹgbò Ẹ̀wà

"Jù ú sílẹ̀, Ọ̀ṣuntóyìn. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ọ̀ṣuntóyìn kò jù ú sílẹ̀. Ìdí ẹ̀wà kan ló fà tu, kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣì tutù nísàlẹ̀. Kókó wẹ́wẹ́ ló rí lára gbòǹgbò rẹ̀, bí ara ọmọ tí ìgbóná mú. Oṣù kan ààbọ̀ rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn lágbègbè Pobè. Bàbá Fádèyí, olórí oko ẹbí ọkọ rẹ̀, tó sọ̀rọ̀ náà, ti fà sẹ́yìn.

"Ìgbóná ti wọ ilẹ̀ yìí. Kí oòrùn tó wọ̀, tu gbogbo rẹ̀, kí o sun ún, kó má bàa ràn wá lọ́mọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Oko ẹ̀wà yìí nìkan ló kù fún mi. Àwọn Faransé ti fipá kó Fálúyì ọkọ mi àti àwọn yòókù lọ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Kí ni n ó fún ọmọ mẹ́ta jẹ?"

"Òkú kì í jẹun, ìyàwó wa."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó kúnlẹ̀ sórí ebè, ó gbàdúrà sínú. Olúwa, Ọba tí ń bọ́ kòkòrò inú àpáta, là mí lójú. Ó gbójú sókè. Àgbàdo tó dá dúró lókè ọ̀hún ti ká ewé bí ẹní. Èyí tó wà láàárín ẹ̀wà ṣì tutù. Àìsàn wo ní í mú ara tutù yọ̀yọ̀, tí ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò sì máa gbẹ?

Ó fi èékánná la kókó kan.

"Ẹ wò ó, bàbá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọyún ló ń bẹ nínú ti ìgbóná. Èyí pupa rẹ́súrẹ́sú bí èrìgì ọmọ tuntun. Ohun kan ń gbé inú rẹ̀ tó ń bọ́ ẹ̀wà yìí."

"Kí ló ń gbé ibẹ̀?"

"N ò mọ̀. Ẹ̀dá Olúwa tójú ò rí ni."

Bàbá Fádèyí bẹ̀rẹ̀ wò ó, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. "Tára ọmọ kan bá wá gbóná ńkọ́?"

Ọ̀ṣuntóyìn ju kókó náà sẹ́nu, ó rún un, ó gbé e mì.

"N ó sùn sí ahéré níbí fọ́jọ́ méje. Tó bá jẹ́ ìgbóná ni, èmi ni yóò kọ́kọ́ mú. Kí àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyàwó yín nílé."

Bàbá gbé akèrègbè omi rẹ̀ kalẹ̀ létí oko, ó sì yíjú sílé.

"Ọjọ́ méje," ló wí, kò wẹ̀yìn.

Ọ̀ṣuntóyìn mu ẹnu kan nínú omi náà. Ó ri ìdí ẹ̀wà tó tu padà sínú ilẹ̀, ó sì da ìyókù omi náà sí i lórí.